Ohun tó wà nínú kóló bàbà

Ẹni tí bàbá àgbà ẹ̀ bá ṣọdẹ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ orí àjà ilé yín wò kẹ́ ẹ tó ka eléyìí tán. Mi ò ṣeré o. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wẹ́dà kan bá tiwa lọ ní Òkè-Àgbò n'Ìjẹ̀bú-Igbó lóṣù tó kọjá, ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ìdílé wa, tó kàn jókòó jẹ́jẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní tiẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé a fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé bàbá àgbà wa. Ilé yẹn ti ń jò tipẹ́, gbogbo wa dáwó, Bọ̀dá Kúnlé tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń dúró ti àwọn kápẹ́ńtà. Nígbà tí wọ́n tú àjà, ẹrù ń já bọ́ lóríṣiríṣi, agbọ̀n tí ikán ti jẹ, àtùpà kábáìdì tó ti dípẹtà, pàkúté onírin méjì, ìwo ẹfọ̀n kan, àti nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi àkísà wé bí ọmọ tuntun. Bọ̀dá Kúnlé tú àkísà yẹn, ó ya fọ́tò ohun tó bá nínú ẹ̀, ó jù ú sórí Wasáàpù ìdílé, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ta ló mọ èyí o?"

Ha. Ẹ wá wo ẹnu. Àǹtí mi tó wà n'Ìkòròdú ní ìgò lọ́fínńdà àwọn òyìnbó àtijọ́ ni. Ẹnì kan ní ọtí ni wọ́n ń rọ sí i. Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ pásítọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ká kọ́kọ́ gbàdúrà ná. Èmi ní tèmi, mo ní kóló ni, kóló tí wọ́n ń tọ́jú owó sí, bí orúkọ yẹn ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn, títí dòní kóló la ń pè é.

Ó rí bíi píà tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ díẹ̀. Bàbà ni gbogbo ara ẹ̀, ọrùn ẹ̀ jẹ́ idẹ. Wọ́n tẹ àwòrán ajá kan àti ẹyẹ méjì tí wọ́n so kọ́ dorí kodò sí ara ẹ̀, àwòrán yẹn yọ síta tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á lójú òkùnkùn ẹ máa mọ̀ pé ajá ni. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹ̀ tó ń yí, sípíríǹgì ló ń dá a padà. Nọ́ńbà wẹ́wẹ́ wà lára túbù tó ṣe ẹnu ẹ̀. Gbogbo èyí, ìgbà tí Bọ̀dá Kúnlé ti fọ̀ ọ́ tán la tó rí i o, torí pé ṣe ló dúdú mìnìjọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tú u, ó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń fọ nǹkan bàbà nílé wa látijọ́, ó fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán gbinrin. Inú gbogbo wa dùn. (Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn sọ́kàn, màá padà sí i, owó ló bá a lọ.)

Ibi tó ti fọ̀ ọ́ ló ti rí i pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti là díẹ̀, níbi tí wọ́n ti so bàbà apá ọ̀tún pọ̀ mọ́ tapá òsì. Ó ní kí wọ́n bá òun jó ibẹ̀ pa kó lè wà ní pípé. Ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà.

Wẹ́dà yẹn ti tan iná. Ó ti gbé e sórí irin. Ọlọ́run ló ní kó kọ́kọ́ mì ín létí, bóyá àṣà iṣẹ́ wọn ni, bóyá orí ẹ̀ ló ń jà fún un, mi ò mọ̀, ó ṣáà mì ín, ó gbọ́ ṣìkìṣìkì. Ó bi Bọ̀dá Kúnlé pé kí ló wà nínú ẹ̀, Bọ̀dá Kúnlé ní iyẹ̀pẹ̀ àjà ni. Ọkùnrin yẹn pa iná, ó tẹ́ bébà sílẹ̀, ó gbọn kóló náà sí i. Wóró dúdú wẹ́wẹ́ ló jáde, bí èédú tí wọ́n gún. Ó fi ìka mú ìwọ̀nba tí kò tó èèrà mẹ́ta, ó lọ fi sórí òkúta lọ́nà jíjìn, ó ṣá ìṣáná sí i.

Fùú! Èéfín funfun, àti òórùn yẹn, òórùn Ojúde Ọba gẹ́lẹ́, òórùn tí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin kọjá tí wọ́n sì ń yìnbọn sókè.

Wọ́n ní ṣe ni wẹ́dà náà bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó wo Bọ̀dá Kúnlé láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé wọ́n rán yín sí mi ni?"

Ẹ̀tù ìbọn ni wóró dúdú yẹn, ohun tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀tù rìn sì ni kóló wa. Bàbá àgbà wa kú ní 1984. Ìyẹn ni pé ẹ̀tù yẹn ti wà nínú kóló lókè àjà fún ogójì ọdún ó kéré tán, ooru páànù lójoojúmọ́, iná ìdáná nísàlẹ̀, àwa ọmọ tí à ń ṣeré nínú ilé, ó sì tún gbaná lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀tù dúdú kì í darúgbó bí oògùn tó ti pẹ́ ní kẹ́mísì. Tí omi ò bá ṣáà ti kàn án, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún kó má gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dúró níbí díẹ̀ torí àwọn tí kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀ máa ṣì mí gbọ́. Ẹtu ni ẹran, ẹtù ni ẹyẹ, ìyẹn awó, ẹ̀tù wá ni ti ìbọn. Bàbá àgbà mi fi ẹ̀tù pa ẹtu, ó sì fi pa ẹtù. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ kọ ìyẹn láìfàmì sí i.

Wọ́n pe Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó kẹ́yìn, òun nìkan ló tẹ̀lé bàbá wọn wọ igbó nínú gbogbo ọmọ. Kò tiẹ̀ kí wa. Ó ń pariwo lórí fóònù pé "Ẹ rọ omi sí i! Ẹ rọ omi sí i!" Wọ́n rọ omi sí i. Ó ní kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n tún rọ òmíràn, kí wọ́n tún dà á nù. Mo rò pé àṣejù àgbà ni, àfìgbà tí mo wá kà á pé bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀tù dúdú, èédú, imí ọjọ́, àti saltpetre tó jẹ́ irú iyọ̀ kan, òun ló ń fún iná lẹ́mìí. Omi máa ń yọ́ iyọ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá wá da omi yẹn nù, èédú àti imí ọjọ́ nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rọ omi sí i tẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀, iyọ̀ náà ò lọ síbì kankan, ó lè padà gbaná. Bàbá Kékeré ò ka saltpetre níbì kankan o, ìwé mẹ́fà ló kà. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ, ó ní òjò.

Látìgbà yẹn ni nǹkan yìí ò ti jẹ́ kí n sùn. Mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà, màá jẹ ẹ̀bà tán, màá jókòó ti fóònù títí dátà á fi tán, ọkọ mi ní ṣé ìbọn ni mo fẹ́ máa tà ni. Mo ya fọ́tò ọrùn ẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, mo rí "SHEFFIELD" níbẹ̀. Ìlú oníṣẹ́ irin ni Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn kóló ẹ̀tù yìí ti jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé iṣẹ́ bíi James Dixon & Sons, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1806, àti Hawksley ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ páànù bàbà méjì sínú ihò tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí, ọ̀kan á jẹ́ apá ọ̀tún, ọ̀kan á jẹ́ apá òsì, wọ́n á wá fi òjé jó wọn pọ̀. Ibi tí tiwa ti là gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé e lọ sóko, àwọn tí ajá ń ṣáájú wọn tí wọ́n ń yìnbọn sí ẹyẹ. Ìdí tí ajá àti ẹyẹ fi wà lára ẹ̀ nìyẹn, pásítọ̀ wa lè fọkàn balẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ bàbà? Mo rò pé torí ẹwà ni. Rárá o. Irin tó bá gbá irin tàbí òkúta lè ta iná, bàbà àti idẹ kì í ta iná bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ẹ̀tù sí ìbàdí ò lè fi ìyẹn ṣeré. Kí wọ́n tó máa fi bàbà ṣe é, ìwo màlúù ni wọ́n ń lò jù lọ, àti awọ tí wọ́n sè kó lè le. Ní Amẹ́ríkà ìwo yẹn náà ni àwọn ọdẹ àti sójà wọn gbé kọ́rùn, nígbà ogun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jà níbẹ̀ láàárín 1754 sí 1763 àwọn kan tiẹ̀ ń fi ọ̀bẹ fín máàpù odò àti ìlú sára ìwo wọn. Mo rántí ìwo ẹfọ̀n tó já bọ́ látorí àjà wa. Wọ́n ti sọ ọ́ nù kí n tó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀, torí ikùn kàn jẹ́ ikùn ni, ẹnu kóló yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Ẹ máa fi ìka kan dí ẹnu túbù yẹn, ẹ máa dorí kóló kodò, ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ túbù tó máa ṣí, ẹ̀tù á ṣàn wọ inú túbù títí tó fi máa kún, ẹ á jọ̀wọ́ irin, sípíríǹgì á gbá ilẹ̀kùn pa, kẹ́ẹ́. Èyí tó há sínú túbù ni òṣùwọ̀n ìbọn ẹ̀ẹ̀kan. Kò lé, kò dín. Nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, 2¼, 2½, 2¾, 3, dírámù ni, túbù yẹn ṣeé fà gùn tàbí kẹ́ ẹ tì í wọlé kó kúrú sí iye tẹ́ ẹ bá fẹ́. Dírámù 1 ò tó gíráàmù 2, gíráàmù 1.77 ni, ìyẹn ni pé dírámù 3 ò ju gíráàmù márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba ṣíbí tíì kan báyìí. Ohun tó ń gbé ẹranko dùbúlẹ̀ nìyẹn, tó bá sì pọ̀ jù ó lè fa páìpù ìbọn ya sójú ẹni tó yìn ín.

Mo fi fídíò bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré (kóló ti gbẹ, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀). Ó wò ó, ó ní ó dára. Ó wá ní, "Bàbá ò lò ó rí."

Kí ni wọ́n wá ń lò? Atọ́ ni, ó ní. Atọ́ kékeré ọlọ́rùn gígùn, tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo dí lẹ́nu, wọ́n á so ó mọ́ inú gbérí, ẹ̀wù ọdẹ wọn, kí òógùn ara má baà kàn án. Òṣùwọ̀n wọn ni kélébé ọparun kan tí wọ́n gé, tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ẹ̀tù kì í ti inú atọ́ wọ ẹnu ìbọn tààrà láéláé, inú ọparun ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí, wọ́n á wá dì í ní àkísà, wọ́n á fi ọ̀pá ìkìbọn kì í wọlé, ọta á tẹ̀lé e, àkísà á tún tẹ̀lé ọta. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìka wọn bí ọ̀pá ìkìbọn ṣe yọ sókè tó lẹ́nu ìbọn. Ìka mélòó fún ọ̀yà, ìka mélòó fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó, orí ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló wà. Bàbá Kékeré ò sọ ti bàbá wọn fún mi, ó ní n kì í ṣe ọdẹ.

Òmíràn tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ó ní tí Bàbá bá ti yìnbọn tán, kò ní kì í padà bọ̀rọ̀, yálà ó bà á tàbí kò bà á. Ó máa jókòó, ó máa mú obì kan, ó máa jẹ ẹ́ tán. Àwọn ọmọ á máa rò pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ògún, bóyá ó ń dúpẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àkísà tó ṣẹ́kù sínú ìbọn lè ṣì máa jó wúyẹ́wúyẹ́ lọ́hùn-ún, ògúnná tí ojú ò rí, tẹ́ ẹ bá wá da ẹ̀tù tuntun lé e lórí ó parí. Mo ka ohun kan náà nípa àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, àwọn tó ń da ẹ̀tù láti inú kóló wọn wọ inú ìbọn tààrà torí ẹnu ẹ̀ dùn ún lò, tí ògúnná kan bá wà nínú ìbọn, iná á gun òkè, gbogbo ẹ̀tù inú kóló á gbaná lọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀pọ̀ ìka ló bá a lọ. Àwọn tó ń fi ìbọn àtijọ́ ṣeré nílùú òyìnbó lónìí, ọ̀kan lára òfin tí wọ́n ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n da ẹ̀tù sínú òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ ná, kó tó kan ìbọn. Kélébé ọparun Bàbá Ọdẹ ni wọ́n ń sọ yẹn, wọn ò mọ̀ ni.

Mi ò wá sọ pé atọ́ dára ju bàbà lọ o. Òjò ń wọ atọ́, eku ń jẹ ẹ́, tó bá já bọ́ ó fọ́. Tí mo bá jẹ́ ọdẹ, bàbà ni màá mú.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni bí nǹkan tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé Òkè-Àgbò. Ká sòótọ́, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tù, kò sí ibi tó yẹ kó gbà ju ilẹ̀ wa lọ. Àwa Ìjẹ̀bú la ti wà lẹ́nu ọ̀nà látijọ́, ìbọn àti ẹ̀tù ń gba orí ọ̀sà bọ̀ látọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, àwọn ọjà bí Èjìnrìn ló ń bọ́ sí, àwa la wá ń tà á fún àwọn ará òkè. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí 1820 sí i, ìbọn Ìjẹ̀bú wà lára ohun tó dẹ́rù ba èèyàn. Nígbà ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, orúkọ ogun yẹn gan-an, ìró ìbọn ni, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ń fojú wá ẹ̀tù, bí a bá sì ti ọ̀nà pa, gbogbo wọn ló máa gbọ́ ọ lára. Wọ́n máa ń bú wa pé a fẹ́ràn owó. Àbí kí la fẹ́ fẹ́ràn?

Ó wá di 1890, àwọn òyìnbó ṣèpàdé ní Brussels, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ní jẹ́ kí ìbọn tó dáa wọ ilẹ̀ Áfíríkà bó ṣe wù ú mọ́. Èyí tí wọ́n yọ̀ǹda ni ìbọn olókùúta iná tí kò ní ìlà nínú páìpù, àti ẹ̀tù lásán. Ẹ wò ó dáadáa. Ní ilẹ̀ tiwọn wọ́n ti kúrò lórí òkúta iná tipẹ́. Àlùfáà Scotland kan tí wọ́n ń pè ní Alexander Forsyth ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó fẹ́ràn kó máa yìnbọn sí ẹyẹ, ṣùgbọ́n kí ìbọn tó dún, ẹyẹ ti rí iná tó bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ apátí, ó ti fò lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ká a lára débi pé ó wá ọgbọ́n ẹ̀tù mìíràn tó ń gbaná tí wọ́n bá ṣáà ti gbá a, ó gba ìwé àṣẹ pé òun ló hùmọ̀ ẹ̀ ní 1807. Inú ìyẹn ni kápù ti jáde, ìdérí kékeré tí wọ́n fi irú ẹ̀tù yẹn sí. Lẹ́yìn náà ni kátíríìjì dé, tí ẹ̀tù, ọta àti kápù jọ wà nínú ẹyọ kan, wọ́n á kàn tì í bọ ìdí ìbọn. Kóló bàbà ò níṣẹ́ mọ́. Ìgbà tí wọ́n ń fi kóló tiwọn ṣe ẹ̀ṣọ́ sára ògiri ni wọ́n ń ṣòfin pé ìbọn tó ń lo kóló ni kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọdún méjì sí i, 19 oṣù karùn-ún 1892, Ìmàgbọn, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bá àwa Ìjẹ̀bú jà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìbọn Maxim tó ń kì ara ẹ̀ tó ń yin ara ẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ tiwa ṣì ń wá ẹnu atọ́. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ dúró kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun? Àwọn bàbá wa dúró. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, àyà mi kì í gbà á.

Ṣakabùlà ṣì wà láti ìgbà náà. Alágbẹ̀dẹ ń fi páìpù ọkọ̀ rọ ọ́, àwọn ọdẹ kan ń fi orí ìṣáná ṣe kápù. Kẹ́ ẹ má rò pé torí ó jẹ́ ti àtijọ́ kò sẹ́ni tó ń béèrè o, òfin ìbọn ti 1959 dárúkọ ẹ̀, ìwé àṣẹ wà fún un.

Ká padà sọ́rọ̀ owó. Mo fi fọ́tò kóló ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan l'Ékòó tó ń ra nǹkan àtijọ́. Fọ́tò àkọ́kọ́ ni mo fi ránṣẹ́, èyí tí Bọ̀dá Kúnlé yà kó tó fọ̀ ọ́. Ó ní òun máa san ₦80,000. Gbogbo ìdílé pariwo. Ó wá ya òpópónà Ẹ̀pẹ́ bọ̀ wá wò ó n'Ìjẹ̀bú-Òde, mo ṣí àpò, kóló ń kọ mànà. Ojú ọkùnrin yẹn rẹ̀ wẹ̀sì. Ó ní ta ló ṣe báyìí? Ó ní dúdú tẹ́ ẹ bó kúrò yẹn, òun lọ́jọ́ orí ẹ̀, òun lẹni tó ń ra nǹkan àtijọ́ ń sanwó fún, pé àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe kóló tuntun tó jọ tàtijọ́ lónìí, bó ṣe ń dán yìí báwo ni òun ṣe fẹ́ fi hàn pé kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn? ₦35,000, kò ní fi kọ́bọ̀ lé e. Mo pe Bọ̀dá Kúnlé, mo ní ọsàn wẹ́wẹ́ yín ti jẹ ₦45,000. Ó ní n má bínú, ó ní Àǹtí Ìkòròdú ló ní kí òun fọ̀ ọ́. Irọ́ ni.

Àwọn kan ní ká tà á bẹ́ẹ̀, kápẹ́ńtà ṣì ń béèrè ìyókù owó ẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún Bàbá Kékeré. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a nílé lọ́jọ́ Sátidé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé kóló fún un. Ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń fi àtàǹpàkò pa orí ajá yẹn. Mo bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi látìgbà tó ti ní Bàbá ò lò ó rí. Nígbà tí Bàbá kú, àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ wá ṣípà fún un, wọ́n kó gbérí ẹ̀, atọ́ ẹ̀, kélébé ọparun, gbogbo ohun tó fi ṣọdẹ, wọ́n gbé e lọ sínú igbó bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí ló dé tí èyí ò lọ?

Ó ní torí kì í ṣe tiẹ̀.

Ó ní akọ̀wé kan ló wà láyé ìjọ́un, tó ń bá àwọn agégẹdú ṣiṣẹ́ lọ́nà igbó Ọmọ. Ìyàwó ẹ̀ bímọ, ó wá bá Bàbá Ọdẹ ra ẹlẹ́dẹ̀ igbó fún ìkómọ, owó ẹ̀ ò pé, ó ku ṣílè méje. Ó fi kóló yìí dógò. Ó ní ọ̀gá òun tó jẹ́ òyìnbó ló fi ta òun lọ́rẹ nígbà tó ń lọ sílé. Ó ní tó bá di ìparí oṣù òun máa wá gbà á. Wọ́n gbé e níṣẹ́ lọ síbòmíì kí oṣù tó parí. Bàbá fi àkísà wé e, ó gbé e sájà, pẹ̀lú ẹ̀tù tí akọ̀wé yẹn bá a gbé wá nínú ẹ̀. Kò da ẹ̀tù yẹn nù, kò sì fi kún un, ó ní bí wọ́n ṣe gbé nǹkan fúnni ni wọ́n ń dá a padà.

Mo ní, Bàbá, ẹni yẹn ti kú. Ó ní bóyá. Mo ní a ò mọ ilé ẹ̀. Ó ní ọmọ tí wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ fún yẹn ò ní í tíì ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Mo ní kápẹ́ńtà ń béèrè owó. Ó wọ yàrá, ó mú ₦20,000 jáde, ó ní kí n lọ fún kápẹ́ńtà, kí wọ́n yéé fọ nǹkan onínǹkan.

Kóló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi báyìí. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lábẹ́ ajá. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì là, kò sí wẹ́dà kankan ní gbogbo Òkè-Àgbò tó fẹ́ gbà á, ọ̀rọ̀ ti tàn láàárín wọn. Tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá jẹ́ akọ̀wé fún àwọn agégẹdú lọ́nà igbó Ọmọ, tó sì ṣe ìkómọ ọmọ kan tí wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ igbó sebẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi nísàlẹ̀. Kẹ́ ẹ mú ṣílè méje dání o, Bàbá Kékeré ní òun ò gba náírà.